Mẹ́wàá Tó Ń Sọnù

Ohùn rúlà tó ń ba tábìlì ló jí Sàrátù láàárọ̀ Àlàmísì yẹn. Pàà! Ó dákẹ́ díẹ̀. Pàà! Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ohùn ẹni tí oorun ń kùn tí inú tún ń bí.

“Tún un ṣe.”

Sàrátù ró aṣọ mọ́ àyà, ó jáde sí pálọ̀. Rahmon kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Láti alẹ́ àná ló ti ń fọ táńkì epo ní La Porte, òórùn epo náà sì ti gba gbogbo apartment wọn kan, kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ òórùn tíì tó wà níwájú rẹ̀. Ó jókòó ti tábìlì ìjẹun, rúlà lọ́wọ́. Hajarat, ọmọ wọn àgbà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé. Làdíátù àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti gbé abọ́ kọnfiléèkì rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó ń jẹun níbẹ̀ bí ẹni tó sá fún òjò.

“Bàbá Hajarat, ẹ kú àárọ̀. Ẹ ò tíì sùn?”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn? Wọ́n fẹ́ kó ọmọ mi lọ bá àwọn olódo, kí n wá na ara gbọọrọ?”

Sàrátù yíjú sí fíríìjì. Lẹ́tà iléèwé ṣì wà lára rẹ̀, níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán òní, kí bàbá àti ìyá wá sí iléèwé, kí wọ́n wá fọwọ́ síwèé pé wọ́n gbà kí Hajarat kúrò ní kíláàsì kẹrin bọ́ sí kíláàsì àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kì í tètè gbé nǹkan. Ilé pákó kan lẹ́yìn pápá ìṣeré ni kíláàsì náà wà. Sàrátù ti rí i rí. Kò ní fèrèsé.

Rahmon fa ìwé náà sọ́dọ̀. “Wò ó. Méjìléláàádọ́ta, yọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kúrò. Méje kò ṣeé yọ nínú méjì. Yá mẹ́wàá. Ó di méjìlá. Yọ méje, ó ku márùn-ún. San ọ̀kan padà nísàlẹ̀. Méjì ìsàlẹ̀ di mẹ́ta. Mẹ́ta nínú márùn-ún, ó ku méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Kí ló le níbẹ̀? Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Ìkirè, tí wọn ò ní bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n á ti ṣe ogún irú ẹ̀ tán.”

Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe tíṣà ní Ìkirè. Tíṣà Oníṣirò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Hajarat tẹrí sórí ìwé. Ó fa ìlà gba inú 5 kọjá, ó kọ 4 sí i lórí. Ó kọ 1 kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2 nísàlẹ̀. Ó ń mí bí ẹni tó ń gbé omi gun òkè. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, 15 ló wà níbẹ̀.

Pàà!

“Dádì,” ohùn ọmọ náà kéré, “but why? Òkè ni mo ti yá a. Why ni mo máa san án padà ní ìsàlẹ̀?”

Rahmon fi eegun ìka kàn án lórí, kó! “Ṣé èmi bi tíṣà tèmi ní why? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni kí o ṣe é!”

“Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, Bàbá Hajarat.”

“Ọ̀nà wo ló ń béèrè? Èyí tí mo ń fà á lọ́wọ́ gbà?” Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Àbí ìwọ tó pa ìwé tì ní fọ́ọ̀mù tú lo fẹ́ kọ́ mi níṣirò báyìí?”

Sàrátù gbé iṣu díndín àti ẹyin tó ti sè láti àná síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ iléèwé fun fèrè níta. Hajarat fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde. Ẹnu rẹ̀ kò kan oúnjẹ. Sàrátù dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ọmọ tí báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi jù ú lọ, tó ń rìn lábẹ́ oòrùn Houston tó ti gbóná kí aago mẹ́jọ tó lù. Ó dà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí wọn kò júwe ilé fún.

Rahmon wọlé lọ sùn. Ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Nígbà tó di bí aago mẹ́wàá, Helen, aládùúgbò wọn òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ti ilẹ̀kùn wọlé láìkàn án. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Aládùúrà pọ́ńbélé, ìyá Olúwabùnmi. Ife kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá Hajarat, ẹ fún mi ní ata gbígbẹ díẹ̀. Mo gbọ́ ohùn igi láàárọ̀, mo ní ṣé eku lẹ̀ ń pa ni.”

“Ìṣirò la ń pa.”

“Ó kú bí?”

“Kò kú. Ọmọ ló fẹ́ẹ̀ kú.”

Helen bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kan lẹ́tà tó wà lára fíríìjì, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó súnmọ́ ọn, ó kà á dé ìsàlẹ̀.

“Ẹ má fọwọ́ sí i o.”

“Bàbá ẹ̀ ní tí ìjọba bá ní ká fọwọ́ síwèé, ẹ̀rù ni kò ní jẹ́ kóun kọ̀.”

“Ìjọba wo? Ẹ mọ Lérè, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé Humble? Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n mú un lọ síbi báyìí. Oṣù mẹ́fà péré, wọ́n ní. Ó ti pé ọdún méjìlá báyìí, Ìyá Hajarat, pẹ́pẹ́yẹ ló ń kùn ní ọ̀dà. Pẹ́pẹ́yẹ! Ọmọ tó ń tú rédíò palẹ̀ tó ń tò ó padà nílé! Téèyàn bá ti wọ ibẹ̀, ilẹ̀kùn á kàn rọra tì í mọ́bẹ̀ ni.”

Sàrátù bu ata sínú ife náà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dà sílẹ̀.

“Èmi á tan àbẹ́là sí i,” Helen sọ bó ṣe ń jáde lọ. “Ẹ̀yin náà ẹ kí ìrun sí i. Èyí tó bá kọ́kọ́ délé Ọlọ́run nínú méjèèjì, ká ṣáà rí i gbà.”

Ó lọ tán, ilé dákẹ́ jẹ́. Sàrátù yọ ìwé ìdánwò tí wọ́n fi mọ́ lẹ́tà náà. Ogún ìbéèrè ni, gbogbo rẹ̀ ìyọkúrò. Pẹ́ẹ̀nì pupa ti sá mẹ́tàlá nínú rẹ̀ lọ́gbẹ́. Ó mọ ohun tí ọkọ òun máa sọ bó bá bá òun nídìí rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbé ìwé náà lọ sí kíṣìnì. Sùpàgẹ́tì tó fẹ́ sè fáwọn ọmọ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣí páálí rẹ̀. Ó ka mẹ́wàá, ó fi òwú dì í. Ó dì márùn-ún báyẹn, ó fi ẹyọ méjì ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Méjìléláàádọ́ta. Ó wá mú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kúrò níbẹ̀: ó tú ìdì kan nítorí pé ẹyọ méjì kò tó méje. Ìdì méjì àti ẹyọ márùn-ún ló kù. Hajarat kọ 15.

Ó ṣe ìkejì, 83 yọ 46. Ìdì mẹ́ta àti ẹyọ méje ló kù. Hajarat kọ 27.

Ó ṣe ìkẹta. Ó yẹ kó jẹ́ 33. Ọmọ kọ 23.

Sàrátù gbé sùpàgẹ́tì sílẹ̀. Ní ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́, mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń di táwẹ̀lì. Bí iye táwẹ̀lì bá fi ẹyọ kan tàbí mẹ́ta dín, ẹni tó kà á ló ṣì í kà. Ṣùgbọ́n bó bá fi mẹ́wàá gééré dín, kò sẹ́ni tó ṣì í kà. Ìdì kan ni ẹnì kan gbé. Ó tẹ̀síwájú, ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, òógùn ń kán sórí ìwé. Mẹ́wàá. Mẹ́wàá. Mẹ́wàá. Kò sí èyí tó fi mẹ́sàn-án dín, kò sí èyí tó fi méjìlá dín. Olódo kì í ṣìṣe déédéé báyẹn.

Ta ló wá ń gbé ìdì náà?

Ó wo àwọn àmì inú ìwé náà dáadáa. Lókè, 5 tí wọ́n fa ìlà gbà kọjá, tó ti di 4. Ìyẹn kọ́ ni Rahmon ṣe láàárọ̀ yìí. Rahmon kò fọwọ́ kan márùn-ún òkè rárá. Nísàlẹ̀, 1 kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2, tó ti di mẹ́ta. Ti Rahmon nìyẹn, èyí tó máa ń kọ́ ọ nílé. Ó tún tú ìdì kan, ó ń tẹ̀ lé àmì kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ipasẹ̀ nínú ẹrẹ̀, títí ó fi rí i.

Ó kó ìwé àti sùpàgẹ́tì náà dání, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó dà wọ́n sórí ibùsùn. “Bàbá Hajarat. Ẹ dìde.”

“Ṣé ilé ń jó ni?”

“Ẹ dìde, ẹ wá wo nǹkan.”

“Sàrátù, fi mí sílẹ̀, mo bẹ̀ ọ́. Aago mẹ́ta ṣì jìnnà.”

“Bí mo bá fi yín sílẹ̀, ọmọ yín á máa kun pẹ́pẹ́yẹ títí táá fi relé ọkọ.”

Ó dìde sókè, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wo sùpàgẹ́tì tó kún orí ibùsùn, ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Sàrátù kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

“Tíṣà ní kó bu ìdì kan kúrò lókè. Ó bù ú. Márùn-ún di mẹ́rin. Ẹ̀yin ní kó má fọwọ́ kan òkè, kó san án nísàlẹ̀. Ó san án. Méjì di mẹ́ta. Mẹ́ta nínú mẹ́rin, ọ̀kan. Ìdì kan náà ló ń gbé lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá wo tiyín nìkan, ó pé. Tí ẹ bá wo ti tíṣà nìkan, ó pé.”

Rahmon gba ìwé náà. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ láti ìbéèrè dé ìbéèrè.

“Ta ló ní kó pa méjèèjì pọ̀?”

“Ta ló sọ fún un pé méjì ni wọ́n? Ẹ̀yin lẹ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tíṣà náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ gbọ́ tiyín, ó gbọ́ tirẹ̀. Nítorí pé ó gbọ́ràn ni wọ́n ṣe ń lù ú.” Ó tọ́ka sí pálọ̀. “Ó bi yín láàárọ̀ yìí. Ó bi yín!”

Rahmon fi ìwé náà sórí orókún. Kò wo ojú rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun wá ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

Ní aago mẹ́ta, àga àwọn ọmọdé ni wọ́n gbé fún wọn ní kíláàsì Hajarat. Orókún Rahmon fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Làdíátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀ tó sì ń so ó padà. Hajarat jókòó sáàárín àwọn òbí rẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Mísíìsì Kálàhán, tíṣà rẹ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà ní kíláàsì rẹ̀, ẹfun sì wà lára aṣọ rẹ̀ títí dé èjìká. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: Hajarat mọ̀wàá hù, òun kò tíì rí ọmọ tó níwà bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò kò yé e. Òun bi í pé kí ló dé tó fi ń kọ ọ̀kan sísàlẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

“Yes, Ma,” Rahmon sọ. “Yes, Ma.”

Mísíìsì Kálàhán ti ìwé àti bírò sọ́dọ̀ rẹ̀. Rahmon mú bírò náà.

Sàrátù kò ní gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Èyí tó ní, ilé ìfọṣọ ló ti kọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó gbé ìwé ìdánwò lé orí ìwé tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí, ó fi ìka sórí ìdáhùn àkọ́kọ́. “Ten,” ó wí. Ó fi sórí ìkejì. “Ten.” Ó fi sórí ìkẹta. “Ten. Ten. All of it, ten.” Ó wá fi ìka han 4 lókè: “You.” Ó fi han 1 kékeré nísàlẹ̀: “Him.”

Mísíìsì Kálàhán wọ ìgò ojú rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù yẹ ọ̀kan wò, ó yẹ òmíràn wò. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ó ní òótọ́ ni, òun kò ṣàkíyèsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kò ṣáà pé, ìdáhùn sì ni ìdánwò ń wò.

“Ẹ bá mi bi í,” Sàrátù sọ fún ọkọ rẹ̀, “òun náà, kí ló dé tó fi ń bù ú kúrò lókè?”

Rahmon ṣiyèméjì. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kọ́ lèèyàn ń bi tíṣà. Ṣùgbọ́n ó bi í.

Tíṣà náà gbé ọwọ́ lé ìwé ìṣirò. Ó ní, “Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn.”

Rahmon rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kúkúrú ni, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ní èdè gẹ̀ẹ́sì tíṣà Ìkirè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó dúró gedegbe, ó sọ fún obìnrin náà pé òun lòun dá ọmọ náà rú. Òun kọ́ ọ ní nǹkan tí òun fi ọdún mẹ́jọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun sì lu ọmọ ọlọ́mọ nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá bi òun nísinsìnyí pé kí ló dé tí a fi ń san án padà, òun kò mọ̀ ọ́n.

Hajarat gbójú sókè wo bàbá rẹ̀.

Mísíìsì Kálàhán kọ ìbéèrè márùn-ún sórí bébà, ó ní kí ọmọ náà ṣe é kí gbogbo wọn máa wò ó. Hajarat mú pẹ́ńsù. Ó wo tíṣà, ó wo bàbá rẹ̀, kò kọ nǹkan kan.

“Dádì,” ó sọ ọ́ ní Yorùbá kí tíṣà má bàa gbọ́, “ti ta ni kí n ṣe?”

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lára ògiri. Sàrátù ronú pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé e mì.

“Ti tíṣà rẹ ni kí o ṣe,” Rahmon sọ. “Gbàgbé tèmi.”

Ó ṣe márààrún. Márààrún ló gbà.

Mísíìsì Kálàhán kò fa ìwé náà ya. Ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní òun máa fún ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ná. Bó bá ń ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé, bí ẹnikẹ́ni nílé kò bá tún kọ́ ọ ní nǹkan míì, bóyá wọn kò ní nílò kíláàsì ẹ̀yìn. Rahmon ní yes, Ma. Wọ́n dìde lórí àga kéékèèké náà.

Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n gun freeway. Ọkọ̀ pọ̀ lọ́nà, oòrùn ń tàn gbà láti ojú dígí. Lẹ́yìn, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìjà ibi ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìjà wọn ojoojúmọ́.

“Àgbà ló ń jókòó síbẹ̀,” Hajarat wí.

“Tí mo bá pé nine bíi tìẹ, èmi náà á jókòó síbẹ̀!”

“Tó o bá pé nine, màá ti pé twelve.”

“Tí mo bá wá pé nineteen ńkọ́?”

“Màá pé twenty-two. O ò lè bá mi láéláé, Làdíátù. Ọdún mẹ́ta ni, ọdún mẹ́ta náà láá máa jẹ́.”

Sàrátù tó fi orí ti fèrèsé gbé orí kúrò. “Ẹ gbọ́ wọn?” ó sọ fún ọkọ rẹ̀. “Ẹ fi mẹ́wàá kún ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mẹ́wàá kún ti àbúrò.”

“Àárín wọn kì í yí padà,” Rahmon wí. Ọwọ́ rẹ̀ kan gbéra kúrò lórí ìdarí ọkọ̀, ó ń kọ nǹkan sínú afẹ́fẹ́: mẹ́wàá sí òkè, ìdì kan sí ìsàlẹ̀, mẹ́wàá náà ni ìdì kan. Ó tún un kọ. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti yà kúrò lójú ọ̀nà kọjá lọ, kò rí i. “Yíyá kọ́ rárá,” ó wí. “Sàrátù, a ò yá nǹkan kan. Ńṣe la fi mẹ́wàá kún òkè, tí a fi mẹ́wàá kún ìsàlẹ̀. Kò sí gbèsè níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ òkú fún. “Ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọmọ yẹn náà bi mí.”

Lẹ́yìn, Hajarat ti na orí sí àárín àga méjèèjì. Ó ń fi ìka ṣírò, ètè rẹ̀ ń mì. Lójijì ni ojú rẹ̀ tàn yanran, irú èyí tí Sàrátù kò tíì rí lójú rẹ̀ láti ìgbà tí iléèwé ti wọlé.

“Oh! Ó yé mi! Dádì, ó yé mi! Ti Mísíìsì náà yé mi, iye rẹ̀ kò yí padà, ó kàn tú mẹ́wàá kan sí ẹyọ ni!” Ó di ẹ̀yìn àga bàbá rẹ̀ mú. “Ṣé kí n sọ fún un lọ́la? Kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún gbogbo kíláàsì?”

Rahmon wo ìyàwó rẹ̀. Sàrátù rántí ìwé tí tíṣà ká sínú dúrọ́ọ̀, ó wo ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ariwo rẹ̀ gba gbogbo inú mọ́tò, ó sì kọjá lọ tán.

“Mọ́mì? Ṣé kí n sọ ọ́?”

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.